Ojú Mi Kò Lè Dúró De Tuntun

Ọmọ mi ní kí n dúró. Ó ní tí mo bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù, kí n má rà á báyìí, nítorí tuntun kan ń bọ̀ kí ọdún tó parí, èyí tí bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, tó sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Rìdíwáànù ni orúkọ ọmọ náà. Abẹ́òkúta ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní báǹkì kan níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn mi. Mo yára kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí n óò dárúkọ nínú ìwé yìí kò fẹ́ràn mi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ wọn.

Ohun tí Rìdíwáànù kò tíì mọ̀ nígbà náà ni ohun tí dókítà ojú bá mi sọ. Dókítà ní ojú mi ń ti ẹ̀gbẹ́ ṣókùnkùn bọ̀ wá sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra ti ilẹ̀kùn méjì mọ́ra wọn. Oògùn tí wọ́n ní kí n máa kán sí i yóò jẹ́ kí ó falẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá a dúró. Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ, àmọ́ ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi ojú mi ṣe, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ìwé yìí ni mo fẹ́ fi ojú mi ṣe. Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe gbé Ọ̀tà, ohun tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tó ṣe é. Mo ti fi pẹ́ẹ̀nì gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ìlà mi ń gun orí ara wọn, nígbà tí mo bá sì fẹ́ ka ohun tí mo kọ lánàá, n kì í mọ ibi tí gbólóhùn kan parí sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé mo fẹ́ láptọ́ọ̀pù, tí ọmọ mi sì fi ní kí n dúró.

Kétu ni wọ́n ti bí mi, lápá ibi tí Faransé ti ṣèjọba. Tí mo bá sọ pé àjò ni mo wà ní Ọ̀tà, àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, ṣé Kétu yìí náà lẹ ń pè ní òkèèrè? Ìlú tí èèyàn lè kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ kó sì dé Ọ̀tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ibi tí wọn kì í ti í sọ èdè òun lòun ń lọ, ó ti múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò múra nǹkan kan. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n. Mo rò pé láti yàrá kan sí yàrá kejì nínú ilé kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ pọn omi ní ẹ̀rọ inú ọgbà ilé tí a ń gbé ní Ṣàngó. Obìnrin kan bá mi gbé garawa lé orí. Mo ní, “Mẹ̀sí.” Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àwọn Faransé ni, ẹnu wa ní Kétu sì ti mọ́ ọn débi pé a kì í rántí mọ́ pé kì í ṣe tiwa. Obìnrin náà yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó bi í pé kí ni Àgànyìn yìí wí. Àgànyìn ni wọ́n ń pe àwọn ará Tógò àti Gánà, àti ẹnikẹ́ni tó bá ti apá ibẹ̀ wá. Èmi tí ìyá mi fi Yorùbá rẹ̀ lẹ́kún, tó fi Yorùbá bá wí. Ẹnì kejì fèsì pé, “Ó ní mẹ̀sí. Bóyá orúkọ ẹ̀ nìyẹn.” Kò pẹ́ tí gbogbo ọgbà fi ń pè mí ní Màdáàmù Mẹ̀sí. Orúkọ náà tẹ̀lé mi dé ibi iṣẹ́, ó sì tẹ̀lé mi dé Itele tí mo ń gbé títí dòní.

Baba Rìdíwáànù ló mú mi wá. Ọmọ Ọ̀tà ni, káfíńtà sì ni. Ó wá kan òrùlé ilé-ìwé kan ní Kétu, ó rí mi, ó lọ bá àwọn òbí mi. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí bó ṣe fẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹ̀sùn tí mo ní sí i bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kàwé kí n tó wá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, nítorí wọ́n ṣe sí mi bí ẹni tí kò kà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sísítà Àgùdà ní Àjàṣẹ́ ti apá Faransé ni mo ti jáde, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Sísítà tó kọ́ wa ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jẹ́ ká wo ọwọ́ wa. Yóò ta aṣọ funfun bo ọwọ́ wa àti ẹ̀rọ náà, yóò máa ka ọ̀rọ̀ sókè, àwa yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá ká aṣọ sókè láti yọjú wò ó, yóò tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A máa ń bú u lẹ́yìn. N kò bú u mọ́.

Ẹ̀rọ Faransé ni. Bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sí i kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu. Ibi tí Q wà lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, A ló wà níbẹ̀ lórí ti Faransé; Z àti W náà gba ipò ara wọn, M kò sì sí níbi tí àwọn ará ibí ń wá a sí. Ẹni tó bá fi ọ̀kan kọ́ṣẹ́, ìka rẹ̀ kò ní gbà fún èkejì, bí ìgbà tí èèyàn bá jí nínú ilé onílé tó ń wá ilẹ̀kùn.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó tó ń ṣe abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ló gbà mí, nítorí wọ́n ní oníbàárà ní Kùtọnu àti Lomé tí kì í ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Faransé kan wá fún mi láti Kùtọnu, kí èsì tirẹ̀ lè máa tètè dé. Òórùn ike yíyọ́ máa ń wọ inú aṣọ mi, inú irun mi, inú oúnjẹ tí mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ mi nínú ọ́fíìsì, n óò máa gbọ́ àwọn obìnrin tó ń to abọ́ sínú páálí nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ n kò mọ ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀ pé irú ìdánìkanwà bẹ́ẹ̀ wà, kí èèyàn gbọ́ èdè tán kó má sì gbọ́ ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀gá Àkànní ni olórí ọ́fíìsì wa. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Ó wà láàyè, ó ń gbé nítòsí Iyana Iyesi, ilé ìwòsàn ojú kan náà la sì jọ ń lọ. Ọkùnrin gíga ni nígbà náà, ohùn rẹ̀ tutù, kì í pariwo mọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọmọlúàbí ni nítorí pé kì í pariwo.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Oníbàárà kan láti Lomé wá fúnra rẹ̀, inú ń bí i, ó ní àwọn abọ́ tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí òun ti sán. Ó ń sọ̀rọ̀ láìmí, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá Àkànní dìde lórí àga rẹ̀ kí n lè jókòó kojú ọkùnrin náà, òun alára wá dúró lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Mo pẹ̀tù sí ọkùnrin náà nínú títí ó fi rẹ́rìn-ín, ó sì tún béèrè ọjà mìíràn. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, àwọn obìnrin onípáálí pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Àgànyìn wa ti lé ọ̀gá dìde lórí àga.” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi “wa” kún un.

Bóyá Ọ̀gá Àkànní kò gbàgbé àga yẹn. N kò lè sọ.

Nígbà tó yá, lẹ́tà E já lára ẹ̀rọ mi. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èèyàn kò lè kọ ìlà kan nínú èdè náà láìlo E. Mo lọ bá Ọ̀gá Àkànní, mo ní kí wọ́n bá mi tún un ṣe tàbí kí wọ́n ra òmíràn. Kò gbé ojú sókè.

“Ẹ dúró díẹ̀ ná, Màdáàmù,” ló wí. “Èyí tó dáa ju èyí lọ ń bọ̀.”

Kọ̀ǹpútà ló ń sọ. Mo dúró. Tí mo bá tẹ lẹ́tà kan tán, n óò mú pẹ́ẹ̀nì dúdú, n óò sì fi ọwọ́ kọ E sí gbogbo àyè tó ṣófo, láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀. Bàbá Lomé yẹn kọ̀wé sí mi pé ṣé eku ló ń jẹ ẹ̀rọ yín ni. Mo fi lẹ́tà náà han Ọ̀gá Àkànní, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n ṣe sùúrù.

Kọ̀ǹpútà dé lóòótọ́. Orí tábìlì àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Àkànní ni wọ́n gbé e lé, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Wọ́n rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ní èmi náà ńkọ́. Ọ̀gá ní kí n dúró de àwọn tí yóò lọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, òun náà ló pè mí wọlé, tó fi ohùn tútù rẹ̀ sọ fún mi pé ọ́fíìsì kò lè máa tọ́jú ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò mọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Kò rántí. Mo lè búra pé kò rántí pé òun ló ní kí n dúró. Ìyẹn dùn mí ju lílé tí wọ́n lé mi lọ.

Ẹ má rò pé òun nìkan ni. Baba Rìdíwáànù, kí Ọlọ́run forí jì í, mọ “dúró” yẹn sọ dáadáa. Ìgbà tí à ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń pe fóònù òkèèrè. Kétu tó wà nítòsí yìí, òkèèrè ni lójú fóònù. N óò tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ nílùú òyìnbó. Tó bá kàn mí, n óò pe ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu, wọ́n á rán ẹnì kan lọ pe ìyá mi, n óò gbé fóònù sílẹ̀, n óò sì tún pè. Nígbà tí ìyá mi bá wá dé, kì í mọ ohun tó fẹ́ sọ. Yóò kí mi, yóò kí ọkọ mi, yóò kí àwọn ará ọgbà tí kò rí rí, títí àyè wa yóò fi tán.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló pa ìkíni tì. Ó ní, “Ìgbà wo lo ń bọ̀?”

Mo ní tí a bá ti kan òrùlé ilé Itele tán. Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dúró kí ilé ní òrùlé ká lè jọ lọ pẹ̀lú iyì, kí àwọn èèyàn mi má baà sọ pé ọmọ wọn ń ya ilé gbé nílẹ̀ àjèjì. Ilé ní òrùlé. Ó tún ku kí a rẹ́ ẹ. A rẹ́ ẹ. Ó wá ku kí a kùn ún. Ìyá mi kò dúró de ọ̀dà.

Ilé náà ni mo ṣì ń gbé. Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlájì Múfútàù, wá jókòó sí pálọ̀, ó bi mí tìfẹ́tìfẹ́ pé ìgbà wo ni n óò padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi. Mo ní èwo ni èèyàn mi. Ó rò pé mò ń bínú ni. Ìbéèrè ni mo bi í, mo sì ṣì ń bi ara mi títí dòní. Tí mo bá dé Kétu, ará Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ inú ilé á ní kí n sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí àwọn inú fíìmù. Tí mo bá tún padà dé Itele, Màdáàmù Mẹ̀sí ti dé nìyẹn, ẹ wá wo ohun tí Àgànyìn kó bọ̀. N kò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí i mọ́. Ó kàn dà bí ẹni tó wọ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ òsì.

Àbúrò mi Àdùnní ló kù fún mi ní Kétu. Wásáàpù la fi ń sọ̀rọ̀ báyìí, kò sí títò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ojú mi fún. Ó sunkún, mo ní kó nu ojú rẹ̀, tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó tújú ká, ó ní kí n tètè kọ ohun tí mo fẹ́ kọ, torí pé àwọn ọmọ ilé wa kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé àǹtí kan wà ní Nàìjíríà, ó tán. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ kó korò bó ṣe korò,” ló wí. “Ẹ má fi ṣúgà sí i nítorí wa.”

Bí mo ṣe lọ sí Ṣàngó nìyẹn, kì í ṣe láti rà, láti wò ni. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi ń pè ní àtijọ́.

Sèmíátù ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì lè ta ọjà fún òkúta. Ó bi mí pé ṣé ọmọ-ọmọ mi ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní èmi ni. Ó wò mí láti gèlè dé bàtà, ó ní, “Ẹ fẹ́ máa fi wo fíìmù ni, àbí ẹ fẹ́ máa fi wá ọkọ?” Mo ní ọkọ tí mo ní rí ti tó mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ síbi àga.

Ó fi tuntun hàn mí, èyí tí láílọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀, ó sì fi tọ́kùnbọ̀ hàn mí. Òun náà kò fi pamọ́ pé tuntun mìíràn ń bọ̀. Ó ní tuntun kì í yé bọ̀ nídìí iṣẹ́ àwọn. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé sí igun, tí wọ́n to nǹkan lé lórí. Mo ní èyí ńkọ́.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Mọ́mì, ó ti ya wèrè,” ló wí. “Àwọn tó rà á ti dá a padà. Bí ẹ bá tẹ A, Q ló ń jáde.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Wọ́n rà á mọ́ ẹrù tó ti Kùtọnu wá. Kíbọọ̀dù rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn èèyàn ń fẹ́ ní Ọ̀tà, ni àwọn bá ra sítíkà lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, àwọn lẹ̀ ẹ́ bo ti orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹwà. Ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe yí inú rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tó bá ti kú tó sì tún tàn, yóò padà sí wèrè rẹ̀. Yóò tún máa béèrè nǹkan kan ní èdè tí wọn kò gbọ́. Ẹnì kan ní òun yóò wá lọ́la láti wá tú u fún ohun èlò inú rẹ̀.

Mo ní kó tan án. Ó tàn, ìbéèrè náà yọ sójú rẹ̀. Faransé ni, Faransé tó mọ́ tónítóní, bí ti ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń béèrè pé ṣé kí òun fi àyípadà tí wọ́n ṣe pamọ́. Sèmíátù na ọwọ́ kọjá lára mi, ó tẹ ibi tó máa ń tẹ̀. Mo ní kí lo tẹ̀ yẹn. Ó ní ibẹ̀ làwọn máa ń tẹ̀ kó lè kúrò lójú àwọn. “Rárá” ni ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ yìí ló ti ń fi ìbéèrè náà lọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn pé rárá.

Mo kà á fún un. Ó wò mí. Ó ní ẹ̀yin Mọ́mì yìí, ẹ jọ̀wọ́, tó bá tún béèrè, ẹ bá mi tẹ bẹ́ẹ̀ ni kó di ti Gẹ̀ẹ́sì kí n rí i tà. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo fi èékánná ṣí sítíkà kan ní etí, mo fà á kúrò. A ló wà lábẹ́ Q. Mo fa èkejì, mo fa ẹ̀kẹta. É wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, È wà, À wà, olúkúlùkù lórí bọ́tìnnì tirẹ̀. Sèmíátù ní ṣé ẹ̀yin náà ti wá ya wèrè ni. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀.

Mo gbé ìka mi lé e. Mo di ojú mi, mo sì tẹ orúkọ ìyá mi.

N kò mọ bí n óò ṣe sọ èyí kó yé ẹni tí kò kúrò nílé rí. Láti ìgbà tí mo ti dé Ọ̀tà, n kò tíì na ọwọ́ sí nǹkan kan kí n bá a níbi tí mo rò pé ó wà. Ọ̀rọ̀, ẹ̀rín, ìbátan, ìbọ̀wọ̀, mo ní láti kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Lábẹ́ ìka mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà níbi tí mo fi í sí. Mo tẹ orúkọ bàbá mi. Mo tẹ gbólóhùn tí sísítà máa ń kà sókè fún wa. Lẹ́yìn náà mo tẹ E, mo tún tẹ E, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ìlà kan. Kò sí àyè kankan tó ṣófo.

Nígbà tí mo lajú, Sèmíátù ń wo ojú ẹ̀rọ náà.  Ó wá ní, “Mọ́mì, ẹ dijú.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń wò ó bóyá yóò ṣeé ṣe.

Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo pe Rìdíwáànù. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọjá lórí afárá, mo ní láti fi ọwọ́ dí etí kan. Mo sọ fún un pé mo ti rí èyí tí mo fẹ́. Ó bi mí ní orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, mo kà á fún un, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní Màámi, èyí ti gbó, òun sì ti sọ pé òun ni yóò ra tuntun fún mi, kí n ṣáà dúró. Tuntun yẹn, n kò tiẹ̀ ní tẹ nǹkan kan, n óò kàn máa sọ̀rọ̀ ni yóò máa kọ. Mo bi í pé ṣé yóò gbọ́ ohùn Kétu.  Ó ní wọn kò tíì sọ bẹ́ẹ̀, bóyá èyí tó bá tún tẹ̀lé e.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ tí mo bí, ohùn Ọ̀gá Àkànní ni mo gbọ́, ohùn bàbá rẹ̀ ni mo gbọ́, yálà wọ́n fẹ́ràn mi tàbí wọn kò fẹ́ràn mi, ọ̀kan náà ni ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Rìdí,” mo ní, “ojú mi ń kú lọ. Dókítà ti sọ ọ́. Ojú mi ò lè dúró de tuntun.”

 Mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, kò dáhùn. Mo sọ fún un nípa aṣọ funfun tí sísítà máa ń ta bo ọwọ́ wa. Mo ní èyí tí mo rí yìí, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ojú bá lọ, ọwọ́ ṣì wà. Tuntun lè dára bó ṣe fẹ́, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n, n kò sì ní ojú tí n óò fi kọ́ ọ.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ṣé ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lóòótọ́, Màámi?”

“Ó mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ rà á.”

Ó dé Itele kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó bá mi jà nítorí pé mo fi ọ̀rọ̀ ojú pamọ́, mo jẹ́ kó jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó wá ọgbọ́n sí àwọn àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá tí kíbọọ̀dù Faransé kò ní, ó jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ ibi tí wọ́n wà. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ darí ìka mi bí ìgbà tí mo ń kọ́ ọ ní A, B, D. 

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní ohun tí mò ń ṣe, mo ń sọ fún un. Ọ̀gá Àkànní bi mí níwájú yàrá dókítà ojú, níbi tí a ti jọ ń retí kí wọ́n pè wá. Mo ní ìwé ni mò ń kọ, nípa àwọn tí mo bá pàdé ní Ọ̀tà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Màdáàmù Mẹ̀sí kò ní pa wá lẹ́rìn-ín kú. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ kí wọ́n tó pè é wọlé.

Ó wá sílé mi ní ọ̀sán òní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi mọ́tò gbé e wá, ó ní òun yóò padà wá gbé e. Ó mú ọsàn dání nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ti tín-ín-rín, ó ń fi ọwọ́ wá ìdí àga kó tó jókòó. Ó kí mi kú ilé, ó kí mi kú iṣẹ́, ó bi mí léèrè ọmọ. Ó wá ní òun gbọ́ pé orúkọ òun wà nínú ìwé náà. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní kí ni mo kọ. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́, lẹ́tà E, pẹ́ẹ̀nì dúdú, tábìlì àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ tó pè mí wọlé. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Ó ronú. Mo rí i pé ó ń wá a ní tòótọ́, kò sì rí i.

Ó ní nítorí àwọn ọmọ òun, kí n yọ orúkọ náà. Ó ní tí n kò bá sì lè yọ ọ́, kí n kà á fún òun báyìí, kí òun lè sọ tòun, kí n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ tèmi.

“Ẹ dúró díẹ̀ ná, ọ̀gá,” mo ní.

Ó ní ó dáa. Ó fẹ̀yìn ti àga.

Mo yí padà sí tábìlì mi. Mo di ojú mi méjèèjì, bí mo ṣe máa ń ṣe nísinsìnyí kó lè mọ́ mi lára kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọkùnrin kan wà ní pálọ̀ mi tó ń dúró, ọsàn rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Ó ti béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó kù díẹ̀, mo ní ó kù díẹ̀.